Imú Ẹ̀gbọ́n Mi Agatha

Ẹ̀gbọ́n mi Agatha ló ń ṣe òróró àgbọn tó dára jù lọ ní agbègbè wa l'Àgbádárìgì. Kì í ṣe torí pé ọmọ ìyá mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn máa ń kọjá lára òróró ẹlòmíràn lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ létí ọ̀sà, wọn kì í sì í yà síbì kankan. Á fọ́ àgbọn, á rin ín, á fún un, á fi omi rẹ̀ sílẹ̀ títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Ọ̀rá yẹn ló máa ń gbé ka iná igi. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí èèyàn bá tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òróró náà kò ní pẹ́ kan. Bó bá sì pẹ́ lórí iná ju bó ṣe yẹ lọ, á jóná. Imú ni wọ́n fi ń mọ àsìkò náà, torí èéfín kì í jẹ́ kí ojú rí nǹkan kan dáadáa.

Imú ẹ̀gbọ́n mi ló sì dí.

Ó ti pẹ́ tó ti dí. Ọ̀fìnkìn la kọ́kọ́ pè é. Ọ̀fìnkìn náà wá kọ̀ kò lọ, ó di bí àlejò tó ti gbàgbé ilé. Ẹnu ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń mí, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ọkọ̀. Iwájú orí a máa fọ́ ọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa ro ó bíi pé eyín ló ń dùn ún. Orúkọ mi, Miriam, ti di "Biriab" lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ Jethro, tí mo ń pè ní Fòfó Jethro bí àwa Ògù, ìyẹn àwa Ègùn, ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Biriab, ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè ọ́," àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì rẹ́rìn-ín.

Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò tíì lò. Ó ti fi ewé efinrin sínú omi gbígbóná, ó bo aṣọ lórí, ó fa ooru rẹ̀ símú. Ó ti fi róòbù pa imú títí awọ ibẹ̀ fi ń bó. Oníkẹ́míìsì kan ta oògùn tí wọ́n ń kán símú fún un. Oògùn náà ṣí imú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, àfi bó ṣe tún dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé èéfín iná igi ni, pé bó bá lè fi òróró sílẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Ẹ̀gbọ́n mi á dá wọn lóhùn pé, "Bí mo bá fi òróró sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Kí n máa ka ẹyẹ lórí ọ̀sà?"

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé kí n tó rí ìsọ̀ tí mo fi ń ránṣọ ní Mowo. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń se òróró nígbà náà, bí ọ̀rá bá ti ń hó, á pè mí.

"Wá síbí. Fa imú. Kí lo gbọ́?"

Màá fa imú. Màá ní, "Ó ṣì ń rùn bí omi àgbọn."

Á mi orí bí olùkọ́. Tó bá tún ṣe díẹ̀, á pè mí padà. "Ìsinsìnyí ńkọ́?"

"Ó ti ń ta sánsán, Ẹ̀gbọ́n."

"O gbọ́ ọ dáadáa?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ojú ẹsẹ̀ ni yóò fa igi kúrò nídìí ìkòkò. Ó dá mi lójú pé ó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni, pé ó fẹ́ kí n jogún ìkòkò òun lọ́jọ́ iwájú. Inú mi a máa dùn pé mi ò kùnà rí.

Lẹ́yìn tí mo kó lọ sí Mowo, mo gbọ́ pé òróró kan jóná. Kò pẹ́, òmíràn tún jóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní igi tí wọ́n tà fún òun ló gbẹ jù. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ọ̀sán, mo mú bùbá tí mo rán fún un wá sílé. Mi ò tíì wọlé tán tí òórùn gáàsì fi gbá mi nímú. Ó le débi pé ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo sáré wọ ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà sínú abọ́ lórí itan, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí páálí ìṣáná.

"Biriab, o bọ́ sásìkò," ó ní. "Jẹ́ kí n gbé ẹ̀wà kaná."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo já ìṣáná gbà, mo fà á lọ́wọ́, ẹ̀wà dà sílẹ̀, abọ́ yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ìgbà tí mo fi mọ ibi tí mo wà, àwa méjèèjì ti dúró sábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìnkùlé, à ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ejò ni?" ó bi mí.

"Kì í ṣe ejò. Gáàsì ni. Gbogbo ilé ti kún fún un. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbóòórùn rẹ̀ ni?"

Ó wo ilé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi ìdí lé gbòǹgbò igi.

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́," ó ní. "Ó ti pẹ́. Ìwọ náà ṣì ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn."

Mo dúró, mo ń rò ó. Ìgbà yẹn ni gbogbo ìpè tó ń pè mí sídìí ìkòkò padà sọ́kàn mi.

"Ìdánwò tí ẹ máa ń ṣe fún mi nídìí òróró ńkọ́?"

"Ìdánwò wo? Imú rẹ ni mo ń yá lò."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i pé omi ti ń dà lójú mi, torí mo ṣì di ìṣáná yẹn mọ́ ọwọ́.

Ìdí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni Fòfó Jethro wà, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, àtúnṣe ẹ́ńjìnì fún àwọn apẹja. Mo ké sí i. Ó dé pẹ̀lú ọ̀rá ẹ́ńjìnì ní apá, ó fi aṣọ dí imú, ó wọlé, ó ti gáàsì pa, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì gbé sílíńdà jáde sórí iyanrìn. Rọ́bà tó so sílíńdà mọ́ sítóòfù ló ti sán. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ àti ta lẹ jọ mọ̀ pé imú rẹ ò ṣiṣẹ́?"

"Èmi nìkan ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Bàbá Gbọ́tèmi, ta ni yóò ra òróró lọ́wọ́ obìnrin tí kò lè gbóòórùn? Ẹ sọ fún mi."

"Ta ni yóò tà á fún wọn bí ilé bá jó mọ́ ọ lórí?"

Ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà la ti jẹun lọ́jọ́ náà, Fòfó Jethro sì ti pinnu. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ilé ìwòsàn.

Dókítà tó wà nítòsí wa fi tọ́ọ̀ṣì wo imú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ní kí a lọ bá àwọn onímọ̀ etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá kan l'Ékòó. A lọ. Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ ni Dókítà Sẹ̀gilọlá, obìnrin kékeré kan tí kò tíì tó ọjọ́ orí mi, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fọ́n oògùn kan sínú imú ẹ̀gbọ́n mi kí ó má bàa dùn ún, lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá kan jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju pẹ́ńsùlù lọ, iná àti kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ kàn máa fi ẹnu mí," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì lè máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn, bí ẹ bá fẹ́."

A wò ó. Ihò pupa kan ló hàn, ó ń dán, lẹ́yìn náà ni nǹkan funfun kan dí gbogbo ọ̀nà, ó ń tàn lábẹ́ iná, ó wú kókókó lórí ara wọn.

Fòfó Jethro tẹ orí síwájú. "Dókítà, ẹ dákun, ṣé inú imú ìyàwó mi nìyí? Ó dà bí ẹyin ẹja."

"Ó jọ ọ́ lóòótọ́," Dókítà dáhùn. "Ẹran rírọ̀ ló hù síbẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ bí mo ṣe rí i yìí, àmọ́ a máa yẹ̀ ẹ́ wò kó lè dá wa lójú." Ó yọ ọ̀pá náà, ó jókòó sí iwájú ẹ̀gbọ́n mi. "Màmá, inú egungun ojú wa ní àwọn yàrá kéékèèké tó ṣófo, lókè ojú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, àti nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sínọ́ọ̀sì ni à ń pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tó ṣí sínú imú, ibẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹran ti hù dí ilẹ̀kùn tiyín. Omi ò ríbi jáde, ó sé síbẹ̀, òun ló ń fọ́ yín lórí. Òórùn náà ò sì ríbi kọjá lọ sókè imú níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ọ."

"Bí ẹ́ńjìnì tí páìpù rẹ̀ dí," Fòfó Jethro sọ.

"Ó fara jọ ọ́, sà."

Láti ọjọ́ náà, Fòfó Jethro ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń tọ́jú imú. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń ṣàlàyé páìpù fún.

Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa fọ́n símú àti èyí tí yóò máa gbé mì, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi omi iyọ̀ fọ inú imú. Ó ní nígbà mìíràn ìyẹn nìkan máa ń tó. Ẹ̀gbọ́n mi lò ó bí wọ́n ṣe sọ. Ó sàn díẹ̀, orí fífọ́ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n imú kò ṣí, òórùn kò sì padà. Wọ́n wá ya àwòrán inú orí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá kan tó rí roboto. Lẹ́yìn tí Dókítà wo àwòrán náà tán ló tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. "Ẹ fẹ́ la ojú mi bí àgbọn?"

Dókítà Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. "Rárá, Màmá. A ò ní fi ọ̀bẹ kan ojú yín. Ihò imú yín la máa gbà wọlé, ibẹ̀ náà la máa gbà jáde. Kámẹ́rà yẹn á máa ṣíwájú, àwọn irinṣẹ́ kéékèèké á máa tẹ̀ lé e. A máa kó ẹran náà kúrò, a máa fẹ àwọn ilẹ̀kùn yẹn lójú. Ẹ máa sùn, ẹ ò ní mọ nǹkan kan."

"Ṣé òórùn á padà?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn. Ó máa ń padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan wà tí kì í padà fún tán. Ẹran náà sì lè tún hù lọ́jọ́ iwájú bí ẹ kò bá máa fọ imú yín, kí ẹ sì máa lo oògùn. Ibi tí a máa ṣiṣẹ́ sí kò jìnnà sí ojú àti ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí a fi ya àwòrán yìí, ká lè mọ ibi tí a ò gbọdọ̀ dé."

Mo rò pé èyí máa dẹ́rù bà á. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa bí ẹ ṣe sọ òótọ́. Àwọn tó ń ta oògùn ìkánmú fún mi, gbogbo wọn ló ṣèlérí. Ẹ dá ọjọ́ fún mi."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, òun ni ara rẹ̀ balẹ̀ jù nínú wa. Fòfó Jethro kò lè jókòó. Ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin Mẹ́tọ́díìsì, bí ẹ̀rù bá sì ń bà á, orin a máa jáde lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń kùn orin, ohùn náà ń dún lára ògiri bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì kan yọjú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ?"

"Ẹ má bínú. Màá dákẹ́."

"Mi ò ní kí ẹ dákẹ́. Àwọn aláìsàn tó wà nínú wọ́ọ̀dù ní kí ẹ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀ kí àwọn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ó sì sún mọ́ ọn. Kí Dókítà tó jáde, àwọn méjì nínú àwọn tó ń dúró de èèyàn wọn ti ń bá a gbè é.

Dókítà ní gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, aṣọ funfun kékeré kan wà lábẹ́ imú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ó ṣí ojú kan, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ohùn yín ni mo gbọ́ kẹ́yìn kí n tó sùn," ó ní. "Ẹ ti kọ ẹsẹ kẹta ṣáájú ìkejì."

Ọjọ́ kejì la mú un padà sílé. Àwọn ará àdúgbò wá kí i. Wọ́n á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, pàápàá àwọn ìyá àgbà. "Ibo gan-an ni wọ́n ti là á?" Nígbà tí wọn kò rí àpá, ó dà bíi pé a tàn wọ́n wá. Ìyá kan ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣe nǹkan kan fún un.

Òfin Dókítà pọ̀. Kò gbọdọ̀ fun imú. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù. Bó bá fẹ́ sín, kó la ẹnu. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná igi rárá. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, kí ó máa fi omi iyọ̀ tí wọ́n sè tó sì ti lọ́ wọ́wọ́ fọ imú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bàsíà tí Fòfó Jethro gbé fún un, ó fi ẹnu ìgò rọ́bà sí ihò imú òkè, ó tẹ̀ ẹ́. Omi náà gba inú lọ, ó sì ń tú jáde láti ihò kejì, ó ń ṣàn wọ̀ọ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ṣáájú iṣẹ́ abẹ, omi máa ń padà sẹ́yìn ni. Fòfó Jethro wo omi náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tí ẹ́ńjìnì dáhùn.

"Páìpù ti ṣí," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Miriam," ó ní, "bá mi mú aṣọ ìnujú."

Èmi àti Fòfó Jethro wojú ara wa. Òun náà gbọ́ ọ. Ó tún un pè jẹ́jẹ́, "Miriam," bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu.

Òróró ló wá kù. Oníbàárà kò ní dúró de imú. Fòfó Jethro ní òun yóò máa se é títí ìyàwó òun yóò fi gbádùn. Ó ní gbogbo ìgbà ni òun ń wo bó ṣe ń ṣe é, kí ló le níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi fara mọ́ ọn, torí kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ti ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bá ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ kì í ní sùúrù fún iná jẹ́jẹ́. Igi tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò fún ọjọ́ kan, òun á kì í bọnú ààrò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí òróró rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí oyin.

"Fòfó, èyí ti jóná," mo ní.

"Kò jóná. Ó jinná dénú ni."

"Ó ń rùn bí èéfín."

"Ìwọ náà, ṣé lórí gáàsì la sè é?"

Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó lẹ àmì ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn, ó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, ó pín in fún àwọn oníbàárà láti ilé wa títí dé Kankon. Ó padà wálé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kò sẹ́ni tó ráhùn. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi tó ń kí i kú iṣẹ́, mi ò sì rí bí mo ṣe máa tún un sọ.

Ní ti òórùn, kò yá. A padà lọ rí Dókítà Sẹ̀gilọlá, ó fi kámẹ́rà wò ó, ó fa èépá tó gbẹ síbẹ̀ jáde, ó ní inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, pé kó ní sùúrù. Èsì àyẹ̀wò ẹran náà ti dé, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń mí, ó ń sùn, orí kò fọ́ ọ mọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé ibi tó mọ nìyẹn, òun yóò dúpẹ́. Síbẹ̀ mo máa ń rí i tó ń gbé ọṣẹ símú, tó ń fa imú, tó ń gbé e kalẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo sùn sílé wọn, mo ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti orí ọ̀sà. Ó ṣàdéédéé dìde.

"Miriam, nǹkan ń rùn."

Mo yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní nǹkan ń rùn. Ó ń rùn gan-an." Ó ń rìn káàkiri, ó ń fa imú, ó tọ òórùn náà lọ títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Agbọ̀n kan wà níbẹ̀ tí apẹja kan fi san ọpẹ́ fún Fòfó Jethro lánàá, tí kò rántí gbé wọlé. Ẹja inú rẹ̀ ti bàjẹ́, eṣinṣin ti bò ó. Èmi fi ọwọ́ dí imú. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó fa òórùn náà sínú bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Ó ń rùn," ó ní, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọlọ́run mi, ó mà ń rùn o."

Fòfó Jethro sáré jáde, ó rò pé ìjà ni. Nígbà tó yé e, ó gbé agbọ̀n ẹja bíbàjẹ́ náà sókè níwájú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ta á lọ́rẹ.

Kò sí nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi kò gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó gbóòórùn ọṣẹ, èèpo ọsàn, ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́ tó ti ń fàya, ìpara tí mo fi pa irun. Àwọn kan wọlé dáadáa, àwọn kan ṣì jìnnà, bí ohùn ẹni tó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bọ́ sí yàrá kan, ó ń jáde nínú òmíràn. Ó wá dé ibi tí òróró ọkọ rẹ̀ wà. Ó ṣí ìgò kan. Ẹ̀rín dúró lójú rẹ̀.

"Bàbá Gbọ́tèmi. Ta ló dáná sun èyí?"

"Òróró àgbọn ni," Fòfó Jethro dáhùn, ó ti ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ fi àmì mi lé e lára? Ẹ pín in fáwọn èèyàn?"

"Kò sẹ́ni tó ráhùn."

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún aláìsàn ni," ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ó wọ bùbá rẹ̀, ó ní àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan tí ìgò náà dé, òun yóò tọrọ àforíjì níbẹ̀, yóò sì gbà á padà.

Ọ̀dọ̀ Àdùní la kọ́kọ́ lọ. Obìnrin yìí ń se ìrẹsì àgbọn, ó sì ń dín ẹja lẹ́bàá oríta Mowo, kò jìnnà sí ìsọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ti ń ra òróró láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi kú ewu iṣẹ́ abẹ.

"Àdùní, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Òróró tí bàbá gbé wá kò dára. Kó ìgò rẹ̀ fún mi. Màá fi tuntun rọ́pò rẹ̀."

Àdùní wo Fòfó Jethro, ó tún wo ẹ̀gbọ́n mi. "Màmá, kò ku ìgò kan. Mo ti lò ó tán."

"Tán? Gbogbo rẹ̀?"

"Àwọn tó ń jẹ ẹja lọ́dọ̀ mi ni. Wọ́n ní láti ìgbà wo ni mo ti ń fi èéfín sí i, pé ó dùn bí ẹja tí wọ́n sun lórí iná ní etíkun. Àwọn kan ti ń wá láti Otto torí rẹ̀. Èmi gan-an ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la láti wá bi yín bóyá irú rẹ̀ ṣì wà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tiyín ni mo fi ń se ìrẹsì o, Màmá. Ìyẹn kò lẹ́gbẹ́. Ẹja nìkan ni mo fẹ́ ti bàbá fún."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa rí ẹnu mi. Fòfó Jethro dúró ṣánṣán lẹ́yìn wa, kò gbójú wo ẹnì kankan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin nísàlẹ̀ ọ̀fun, ti ayọ̀ ni èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹja díndín kan lórí àwo Àdùní. Ó gbé e símú, ó dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó bù ú jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́.

"Ìkòkò tiyín á wà lápá ọ̀hún," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ wá bá tèmi. Orúkọ yín lẹ máa kọ sára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rí orúkọ mi níbẹ̀."

"Mo gbọ́," Fòfó Jethro dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe di méjì lẹ́yìnkùlé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ imú rẹ̀ tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń lọ rí Dókítà bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún un, ó sì ń fi aṣọ bo imú nígbà tó bá wà nídìí ààrò. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, ó jókòó ti ìkòkò tirẹ̀, iná rẹ̀ rọra ń jó, òróró rẹ̀ mọ́ gaara, gbogbo àgbàlá ń ta sánsán. Ní ọ̀hún, lábẹ́ igi, Fòfó Jethro wà láàárín èéfín, a kò rí ju fìlà rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wọn Gbọ́tèmi tó fẹ́ gba ìsinmi wálé láti ilé ẹ̀kọ́ Otto, ó sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín, ó gbé imú sókè, ó fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá Gbọ́tèmi," ó ké sí i, "ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ti jóná tó."